Àpótí irin tí mo rà fún ìbọn Bàbá mi

₦58,000 ni mo san fún un lọ́dọ̀ wẹ́dà kan lójú ọ̀nà Arówómọlé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi ₦7,500 ra àgádágodo lọ́tọ̀, mo sì fún ọlọ́kọ̀ ní ₦4,000 kó tó bá mi gbé e dé abúlé wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Oṣù kẹjọ rèé tí àpótí náà ti wà nínú yàrá Bàbá mi. Òjò ti bá a níbẹ̀, ọyẹ́ ti bá a níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ti sùn sí yàrá kejì sí i. Mo rò pé mo ti lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ wàyí fún ẹni tó bá ní ṣakabùlà, ìbọn ọdẹ, nílé bíi ti Bàbá mi.

Tíṣà ni mí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì karùn-ún ni wọ́n sì máa ń fún mi jù. Lọ́jọ́ kan ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, mo gbọ́ òórùn kan nínú kíláàsì tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Ọmọ ọdẹ ni mí, imú mi kò lè ṣi ẹ̀tù mọ̀. Mo tẹ̀ lé òórùn náà títí dé bẹ́ńṣì kẹta. Ọmọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo báàgì rẹ̀. Nígbà tí mo ní kó ṣí i, ìgò òògùn ikọ́ kan ló mú jáde, ó ti fi ọ̀rá dí i lẹ́nu. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, ó dúdú kirikiri bí èédú tí wọ́n lọ̀. Ó fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń gbiná ni. Igi ìṣáná mẹ́ta wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní, “Lẹ́yìn ilẹ̀kùn Bàbá wa ni, Tíṣà. Ibẹ̀ ni ìbọn wọn wà.” Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ibi tí wọ́n ń gbé ìgbálẹ̀ sí.

Oorun kò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ yẹn nìkan kọ́ ni mò ń rò. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀dọ̀ Bàbá mi ni wọ́n sì ti ń lo gbogbo ọlidé. Níbo ni ìbọn Bàbá mi wà? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni, lórí ìṣó méjì, níbi tó wà nígbà tí èmi gan-an wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹni tí kò bá mọ ṣakabùlà lè rò pé ìbọn tó wà lára ògiri kò lè ṣe ọmọdé ní nǹkan, ó di ìgbà tí ọdẹ bá ń lọ sígbẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, ọta á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì tún fi nǹkan dí i. Bí ọdẹ bá ṣọ́ ẹran mọ́jú tí kò rí ọ̀kan pa, kò rọrùn láti tú gbogbo nǹkan yẹn jáde. Bí kò bá yìn ín dànù, kíkì ni yóò gbé e wálé, kíkì náà ni yóò gbé e kọ́. Ohun tó kù kò ju fìlà kékeré tó ń dáná sí i lọ, àti ìka ọmọdé lórí apátí. Àwọn àgbà tó sọ pé “ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?”, wọn ò sọ ọ́ lásán.

Àwa tíṣà mẹ́fà la jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ẹnì kan ní ká lọ fi bàbá ọmọ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí Òfin Ìbọn ti 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀, ìwé àṣẹ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹnì kan sùn, àwọn yòókù á gbé tiwọn lọ sí ibi tó burú ju ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni o, òkè àjà ni o, inú àká àgbàdo ni o, wọn ò sì ní dá wa lóhùn mọ́.

Ẹnì kejì tó máa ń lọ ìpàdé NUT, ẹgbẹ́ àwa tíṣà ní Nàìjíríà, ló wá sọ ohun tí àwọn tíṣà ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, ọmọ ilé ìwé tàbí ẹni tó ti jáde níbẹ̀ ló sábà máa ń gbé ìbọn wọ kíláàsì. Ní ilé ìwé Sandy Hook, lọ́jọ́ 14 oṣù Kejìlá 2012, ọmọ 20 àti òṣìṣẹ́ ilé ìwé 6 ló kú, ìbọn ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin tó pa wọ́n ló sì fi ṣe é. Àwọn Secret Service tí ń ṣọ́ ààrẹ wọn ṣe ìwádìí lórí ìkọlù 41 ní ilé ìwé, ó jáde ní 2019. Nínú àwọn ọmọ tó lo ìbọn, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló rí i mú nílé òbí wọn tàbí ti ìbátan tó sún mọ́ wọn. NEA àti AFT, ẹgbẹ́ tíṣà méjì tó tóbi jù níbẹ̀, ń bẹ òbí pé kí wọ́n ti ìbọn mọ́ inú àpótí, kí ọta sì wà lọ́tọ̀. Ní California, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwé máa kọ̀wé sí òbí lọ́dọọdún lórí rẹ̀. Ní Michigan, wọ́n rán bàbá àti ìyá kan lọ sẹ́wọ̀n ní 2024, torí pé ìbọn tí wọn kò tì pa lọ́mọ wọn gbé lọ sí ilé ìwé rẹ̀ ní Oxford ní oṣù Kọkànlá 2021, tó fi pa ọmọ mẹ́rin.

Tiwa yàtọ̀. Ìta ni ìbọn ti ń wá bá ilé ìwé níbí. Mo rántí ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2014, nígbà tí NUT ní kí gbogbo ilé ìwé ní Nàìjíríà wà ní títì nítorí àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó ní Chibok àti àwọn tíṣà tí wọ́n ti pa. Mo rò nígbà náà pé ibi tó jìnnà ni. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n dá bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan dúró ní Emure Èkìtì, wọ́n kó ọmọ àti tíṣà lọ, wọ́n sì pa awakọ̀ wọn. Yorùbá bíi tiwa ni àwọn tí wọ́n kó lọ. Àpótí irin kò lè dá irú àwọn yẹn dúró, iṣẹ́ ìjọba ni, a ò sì ní yé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbọn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àwa tíṣà la mọ ilé tó wà. Àwa la mọ orúkọ ọmọ tó ń sùn níbẹ̀.

A lọ bá àwọn ọdẹ ní ìpàdé wọn. A mú obì dání, a kúnlẹ̀, a sọ tẹnu wa. Olúọdẹ gbọ́ wa tán, ó wá ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ṣé. Bí àwọn ajínigbé bá ya wọ abúlé, àwa náà lẹ máa ké pè. Bí wọ́n bá kan fèrèsé mi ní aago méjì òru, ṣé kọ́kọ́rọ́ ni kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kiri?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹnu dídùn bò mọ́lẹ̀. Àwọn ọdẹ ló ń ṣọ́ oko wa, àwọn míì nínú wọn ń bá Àmọ̀tẹ́kùn rìn. Mo wò ó pé bí mo bá ní kí wọ́n ti ìbọn mọ́lẹ̀ bí ẹni ti aṣọ ìyàwó mọ́ àpótí, wọ́n á gbà lójú mi, wọ́n á sì máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá èyí tó yá ṣí nínú òkùnkùn. Bí kò bá yá, ẹ má lò ó.” Ohun tí mo fi ń yẹ àpótí yìí wò nìyẹn o: kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án má lè ṣí i, kí ọdẹ ọdún méjìléláàádọ́rin sì lè ṣí i láìtan iná.

Bàbá tèmi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì kọ́kọ́ kọ̀. Ọmọ Ìkòyí ni wọ́n, wọ́n kì í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó rán èèyàn létí pé Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí ọdẹ tó ń ti ìbọn bí ẹni ti ewúrẹ́. N kò jẹ́ kí àwọn ìbejì lọ lo ọlidé gígùn lọ́dọ̀ wọn lọ́dún yẹn, wọ́n sì sunkún. Ni Táíwò bá ya àwòrán ránṣẹ́ sí Bàbá àgbà rẹ̀ láti fi kí wọn. Ó ya Bàbá, ó ya ajá wọn, ó sì ya ìbọn. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ.

Bàbá mú ìwé náà súnmọ́ fèrèsé. Wọ́n wò ó pẹ́. Lára ìdí ìbọn wọn, awọ kan wà tí wọ́n fi di ibi tó sán, ó ní kókó mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn wà ní apá tó kọjú sí ògiri. Táíwò ya kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá fi ìka tọ́ ìkẹta, wọ́n ní, “Ó ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ rí. Ó ti yí i padà lọ́wọ́ rẹ̀.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, lọ wá àpótí yẹn wá.”

Mo fi okùn wọn ìbọn náà láti ìdí dé ẹnu, mo ta kókó sí i, mo mú okùn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lé díẹ̀ ni. Wẹ́dà ṣe àpótí náà ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀, kó lè gba awọ àti okùn èjìká. Irin tó fi ṣe é nípọn tó mìlímítà kan àbọ̀. Mo fi ìka kan ìdérí rẹ̀, kò tẹ̀, kò sì dún bí páànù. Ó jó gbogbo igun rẹ̀ láti inú, kò sí ibi tí èèyàn lè ti ki irin bọ̀ ọ́ láti fi ya á. Àwọn ìdè tí ìdérí fi ń ṣí náà, inú ni ó fi wọ́n sí. Ohun tó wù mí jù ni ilé kékeré tó kọ́ fún àgádágodo: irin bò ó yíká, kìkì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ń gbà wọlé ló ṣí sílẹ̀. Ayùn kò lè dé ọrùn rẹ̀. N kò kọ́ ọ ní ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ronú kàn án, mo sì yìn ín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wẹ́dà wí lé lórí ni àsìkò. Ọ̀sẹ̀ kan ló dá fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ọjọ́ méjì ló gbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, iná ni kò sí, tàbí epo jẹnẹrétọ̀ ló tán. Mo mọ̀ pé iná kò dára, ṣùgbọ́n ó gba owó mi pé, ó sì yẹ kó pè mí.

Èkejì ni ògiri. Bóòtù mẹ́rin ló fi síbẹ̀ láti fi de àpótí mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ ilé alámọ̀ ni yàrá Bàbá. Kò béèrè, èmi náà kò sì sọ fún un. Nígbà tí a fa àpótí náà díẹ̀ láti dán an wò, méjì nínú bóòtù náà bá amọ̀ jáde wálẹ̀. Àpótí tí kò bá dúró sójú kan, olè lè gbé e lódindi. Ó tún wá jó ẹsẹ̀ irin méjì mọ́ ọn nísàlẹ̀, a gbẹ́ ilẹ̀ yàrá, a sì rì wọ́n mọ́ inú kọnkéré. ₦5,000 ni síméńtì àti yanrìn jẹ fún mi. Ó ti fìdí múlẹ̀ báyìí, àwa mẹ́ta kò lè mì í. Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ alámọ̀, ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àgádágodo tí mo kọ́kọ́ rà lọ́jà kò tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọyẹ́. Eruku wọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ kò yí mọ́, Bàbá sì pè mí láago márùn-ún ìdájí pẹ̀lú ìbínú, wọ́n ní ká ní òru ni wọ́n nílò ìbọn ńkọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi lọ́jọ́ náà. Mo ra èyí tó wúwo, tó ní ìdérí rọ́bà lójú ihò kọ́kọ́rọ́, òun ni ₦7,500 tí mo sọ lókè. Bàbá ń kán epo ìránṣọ sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò sì tíì há.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí òkùnkùn. Alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ kò sí nílé, mo ní kí Bàbá lọ dùbúlẹ̀. Mo kan fèrèsé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ka 41 kí ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn, torí ihò kọ́kọ́rọ́ ni wọn kò rí. Mo padà sọ fún wẹ́dà. Ó jó kókó irin kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, bí àtàǹpàkò bá ti kàn án, kọ́kọ́rọ́ mọ ibi tó ń lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún ìyẹn. Bàbá fi awọ so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì wọn, wọn kì í bọ́ ọ, ìbáà ṣe ní balùwẹ̀. A tún un dán wò lọ́sẹ̀ kejì, mo ka 12. Mo sọ 12 yẹn fún Olúọdẹ. Ó ní kí Bàbá tún un ṣe lójú òun, Bàbá sì tún un ṣe.

Ohun tí n kò fọwọ́ sí nínú àpótí yìí ni yàrá kékeré tí wẹ́dà ṣe sí ìdí rẹ̀ fún ẹ̀tù. Èrò rẹ̀ dára, kí ohun gbogbo wà níbi kan, ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀ ọ́ pátápátá, wọ́n sì jàre. Ẹ̀tù kò gbọ́dọ̀ wà nínú irin lábẹ́ páànù tó ń gbóná lọ́sàn-án, irin lè fi ara gbo irin kó ta iná, ẹ̀tù àti ìbọn kò sì gbọdọ̀ jọ gbé lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan. Kèrègbè ni wọ́n tọ́jú ẹ̀tù tiwọn sí, inú àpótí onígi tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ló wà, ní yàrá tó tutù. Ẹ ní kó má ṣe yàrá yẹn fún yín rárá, kó sì yọ owó rẹ̀ kúrò.

Bákan náà, kò fi nǹkan tẹ́ inú rẹ̀. Irin ń bó igi ìbọn, nígbà tí òjò sì pọ̀ ní oṣù Kẹwàá, inú àpótí náà ń làágùn, irin ìbọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún kí a tó fura. Mo gé kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tẹ́ ẹ, wẹ́dà sì lu ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ó yẹ kí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fún un ní máàkì bí mo ṣe ń fún ọmọ kíláàsì mi, 7 nínú 10 ni.

Bàbá ti gbà báyìí pé bí àwọn bá ti oko ọdẹ dé, àwọn á yọ fìlà iná kúrò lórí ìbọn kí àwọn tó tì í. Àwọn ìbejì lo ọlidé Kérésìmesì lọ́hùn-ún. Kẹ́hìndé sọ fún mi pé ìbọn Bàbá àgbà ti wọ ilé tirẹ̀, àwọn kì í rí i mọ́.

Ní ìpàdé òbí àti tíṣà ní oṣù Kejì, a gbé okùn tí mo fi wọn ìbọn síwájú àwọn òbí, a kò dárúkọ ọmọ kankan. Àwọn mẹ́rin ló ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún àpótí, wẹ́dà sì gbà láti ṣe wọ́n ní ₦52,000 lọ́kọ̀ọ̀kan bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí yàrá ẹ̀tù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin, ihò afẹ́fẹ́ àti kókó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́. Àwa tíṣà ń gba owó náà díẹ̀díẹ̀, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá ọmọ tó gbé ẹ̀tù wá sí kíláàsì mi wà lára àwọn mẹ́rin náà. Ó ti san ₦20,000. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló mú okùn wá bá mi láàárọ̀, wọ́n ti ta kókó sí i.